Ẹ má fọ́ ìkòkò òdòdó: omi abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ dà nù

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó ń fa àríyànjiyàn ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní agbègbè wa. Ọ̀rọ̀ òdòdó inú ìkòkò ni. Àwọn obìnrin kan wà, àwọn ọkùnrin náà sì wà láàárín wọn, tí wọ́n fẹ́ràn òdòdó púpọ̀. Wọ́n á fi ìkòkò kan bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún méjì tó pé, ìkòkò ti di ogún. Kí ọdún márùn-ún tó pé, ó ti di ọgọ́ta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, ojú fèrèsé kún, ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kún. Àlejò tó bá wọlé á dúró, á wò yíká, á ní: "Ilé yìí mà dára o!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá wá sí àdúgbò láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fọn, wọ́n á ní: "Ẹ má fi ohunkóhun tó lè gba omi dúró sílẹ̀ nínú ilé." Bàálé ilé á yíjú sí àwọn ìkòkò òdòdó. Á ní: "Ẹ ò rí i? Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ kó wọn dà nù." Ní ilé mìíràn, wọn kì í tilẹ̀ kó wọn, ńṣe ni wọ́n ń fọ́ wọn. Iṣẹ́ ọdún márùn-ún á di àpáàdì ní ọ̀sán kan.

Èrò tèmi nìyí. Ìkòkò kò jẹ̀bi. Omi tó dúró ló jẹ̀bi. Ẹni tó fọ́ ìkòkò, tó sì fi àgbá omi sílẹ̀ láìdé, kò tíì lé ẹ̀fọn kan kúrò nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní gbè sẹ́yìn olódòdó láìsọ òtítọ́ fún un. Ẹni tó ní ọgọ́ta ìkòkò ti ní oko. Oko sì ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè pa òfin náà mọ́, kó yáa dín ìkòkò rẹ̀ kù.

Ṣé àṣà òyìnbó ni?

Àwọn kan máa ń sọ pé òdòdó gbígbìn sínú ilé kì í ṣe tiwa, pé àṣàkaṣà òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo pèrègún. Ta ni kò mọ̀ ọ́n láàárín wa? A fi ń pààlà ilẹ̀, a sì ń gbìn ín sí ojúbọ. Bí ó bá yọ òdòdó funfun rẹ̀, òórùn dídùn á gba gbogbo agbo ilé lálẹ́. Pèrègún wa yìí gan-an ni àwọn òyìnbó ń gbìn sínú ìkòkò, tí wọ́n ń gbé sínú yàrá àlejò wọn ní ilẹ̀ Faransé àti ní Jámánì. Owó ni wọ́n fi ń rà á. Ẹ wo ọ̀dúndún pẹ̀lú. Àwọn ìyá àgbà wa ti ń gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé kí a tó bí wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni rinrin, tó máa ń hù níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù.

Òdòdó kékeré kan tún wà tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti máa kó jọ sí ojú fèrèsé. Saintpaulia ni wọ́n ń pè é. Elòmíràn ní ọgọ́rùn-ún nínú ilé. Níbo ni ó ti wá? Orí òkè Usambara ní ilẹ̀ Tanzania ni. Ọkùnrin ará Jámánì kan tó jẹ́ aláṣẹ níbẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ sílé ní ọdún 1892, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe òdòdó náà. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti lọ.

Bougainvillier tí ẹ ń rí lórí ògiri ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Brazil ni tirẹ̀. Ní ọdún 1767, àwọn ará Faransé tó ń wọkọ̀ ojú omi yí ayé ká rí i ní Rio de Janeiro, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gá wọn, Bougainville, pè é. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ náà, òkè òkun ni wọ́n ti wá. Ta ni ó ń pè wọ́n ní oúnjẹ àjèjì lónìí? Ohun tí a bá ti ń tọ́jú ti di tiwa.

Ẹlòmíràn á ní: "Òdòdó kì í ṣe ohun jíjẹ." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu nìkan kọ́ ló ń jẹun, ojú náà ń jẹun tirẹ̀. Obìnrin tó ti oko dé, tó ti ọjà dé, tó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń sinmi ni. Ìsinmi sì wà lára ìlera.

Ẹ̀fọn wo ni à ń bá jà?

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ọ̀tá wa. Ẹ̀fọn kì í ṣe oríṣi kan.

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà lásán kiri, òru ló ń jẹ ènìyàn. Inú omi tó dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló fẹ́ràn láti máa yé ẹyin sí: omi òjò nínú ihò ọ̀nà, omi ẹ̀gbẹ́ kànga, omi inú irà. Kò wọ́pọ̀ kí ó yé sínú ìkòkò òdòdó. Nítorí náà, ẹni tó fọ́ ìkòkò òdòdó nítorí ibà, tí kò di kòtò ẹ̀yìnkùlé, ọ̀tá mìíràn ló lọ bá jà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kejì wà. Dúdú ni, ó ní àmì funfun ní ẹsẹ̀ àti ní ara. Ọ̀sán ló ń jẹ ènìyàn, pàápàá ní òwúrọ̀ àti nígbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀. Eléyìí fẹ́ràn omi mímọ́ nínú ohun èlò: àgbá, agolo, táyà ọkọ̀ tó ti gbó, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú àti ibà dengue kiri. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ọdún 2023, ibà dengue pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní Burkina Faso. Burkina Faso sì bá Benin àti Togo pààlà. Ẹ̀fọn kì í gba ìwé kó tó kọjá ẹnubodè.

Ẹ gbọ́ bí ẹ̀fọn yìí ṣe ń ṣe é. Kì í yé ẹyin sínú omi gan-an. Ara ohun èlò, díẹ̀ sókè ibi tí omi dé, ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹyin náà lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kó má kú. Ọjọ́ tí omi bá tún kàn án, á pa. Á di tanwíjí. Ní nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, á hu ìyẹ́, á fò. Nítorí náà, kí a kàn da omi nù nìkan kò tó. Ó yẹ kí a fi kànìnkànìn fọ ara àwo náà, kí ẹyin lè ṣí kúrò.

Omi tó ń bí ẹ̀fọn ló ń pa òdòdó

Ohun tí ọ̀pọ̀ olódòdó kò mọ̀ nìyí, òun sì ni ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Gbòǹgbò ewéko a máa mí bí ènìyàn. Bí omi bá dúró sí ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ́jọ́ gbogbo, afẹ́fẹ́ kò ní rí ààyè. Gbòǹgbò á rà, ewé á pọ́n, á máa wọ́ dànù. Olódòdó á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bomi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pa á.

Nítorí náà, kò sí ìjà láàárín òṣìṣẹ́ ìlera àti olódòdó. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá. Omi tí òṣìṣẹ́ ìlera ń lé, ó yẹ kí olódòdó ti lé e ṣáájú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí olódòdó máa ṣe nìyí:

1. Ẹ lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ìdí ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì sí ìsàlẹ̀ kí ẹ tó da ilẹ̀ sí i.

2. Ẹ má lo àwo abẹ́ ìkòkò ní ìta. Ẹ gbé ìkòkò lé orí bíríkì méjì kí omi lè jò lọ.

3. Bí ìkòkò bá wà nínú yàrá, tí àwo kò sì ṣeé má lò, ẹ da iyanrìn kún àwo náà dé etí. Iyanrìn á fa omi mu, ẹ̀fọn kò ní rí ibi yé sí.

4. Ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ó máa jẹ́ ọjọ́ kan náà. Ní ọjọ́ yẹn, ẹ fọ gbogbo àwo, ẹ yẹ gbogbo ìkòkò wò. Bí ẹ bá ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tanwíjí kò ní rí ọjọ́ pé.

5. Ẹ dé àgbá tí ẹ ń pọn omi òdòdó sí. Aṣọ tó ki ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹ sì fi okùn dè é.

6. Ẹ̀ka òdòdó tí ẹ bá fi sínú ìgò omi kí ó lè ta gbòǹgbò, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta.

Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé, tí orí ń fọ́ ọ gan-an, tí ẹ̀yìn ojú ń dùn ún, tí oríkèé ara ń ro ó, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fún un ní aspirin. Bí ó bá jẹ́ ibà dengue ni, aspirin lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára rẹ̀.

Orí ta ló ń ru omi náà?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ẹni tó ní ìkòkò púpọ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ìkòkò kan lè mu ìdajì lítà omi lóòjọ́. Bí ẹ bá ní àádọ́ta ìkòkò:

50 × ½ lítà = 25 lítà

Bidon ńlá kan nìyẹn lójoojúmọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 25. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó di lítà 175.

Ibi tí ẹ̀rọ omi bá wà nínú ilé, ó lè má ṣòro. Ṣùgbọ́n ní abúlé tó jẹ́ pé fọ́ńpù kan ni gbogbo ènìyàn ń tò sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni ń pọn ọ́n? Nígbà púpọ̀, ìyá kọ́, bàbá kọ́. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ni, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Yóò pọn omi ìwẹ̀, yóò pọn omi ìdáná, lẹ́yìn náà yóò tún pọn omi òdòdó. Agogo iléèwé á ti lù kó tó délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Òdòdó tó ń mú kí ọmọ pẹ́ dé iléèwé, ẹwà rẹ̀ kò jọ mí lójú. Bí a bá fẹ́ mọ iye ìkòkò tó yẹ wá, kí a má ka iye tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbà. Kí a ka iye omi tí àwa fúnra wa lè pọn láì ran ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ogún, kí ó jẹ́ ogún.

Ọ̀nà wà tí a fi lè dín omi kù. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, tí a fi fọ iṣu tàbí ẹ̀fọ́, dára fún òdòdó. Kí ó má ṣe ní iyọ̀, kí ó má sì ṣe ní ọṣẹ púpọ̀ tàbí omi Javel. Ẹ da èèpo ẹ̀pà tàbí koríko gbígbẹ sí orí ilẹ̀ inú ìkòkò kí oòrùn má tètè fa omi rẹ̀. Ẹ kó àwọn ìkòkò súnmọ́ ara wọn. Ẹ bomi sí wọn ní àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe é nínú oòrùn ọ̀sán. Kí ẹ tó bomi, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ìkòkò. Bí ìka bá kan ọ̀rinrin, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ sì yan òdòdó tí kò fẹ́ omi púpọ̀: bougainvillier, ọ̀dúndún, àbámọdá.

Ilẹ̀, ajílẹ̀ àti oòrùn

Lórí èyí, n kò ní pẹ́. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ilẹ̀ jù mí lọ. Fún ìkòkò, ẹ po ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, ajílẹ̀ tó ti jiná dáadáa ìwọ̀n kan, àti iyanrìn ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó gbé oṣù bíi mẹ́ta kó tó di lílò. Ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhaï, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1985, ti fi hàn wá pé ohun tí a ń pè ní ìdọ̀tí ẹran àti ti ilé ìdáná lè bọ́ ilẹ̀ dáadáa.

Bí òdòdó bá ń yọ ewé ṣáá tí kò tanná, ohun méjì ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́, ṣé oòrùn ń kàn án? Bougainvillier àti hibiscus kì í tanná dáadáa ní ibòji. Ìkejì, ṣé ajílẹ̀ òyìnbó kò pọ̀ jù? Urée púpọ̀ á mú ewé jáde, kò ní mú òdòdó jáde. Bí òdòdó bá ti rọ, ẹ já a kúrò, òmíràn á yọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó pọ̀ sí i, ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó díẹ̀, tó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá omi tí ẹ ti lu ihò sí. Ẹ gbé e sí ibòji títí yóò fi mú.

Oògùn òwú kì í ṣe oògùn òdòdó

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà. Kòkòrò máa ń bá òdòdó jà. Àwọn kan funfun bí òwú, àwọn kan kéré, wọ́n á kó jọ sí abẹ́ ewé, wọ́n á máa mu omi ara rẹ̀. Nígbà tí olódòdó bá rí wọn, á ránṣẹ́ sí ìbátan rẹ̀ tó ń gbin òwú pé kó fún òun ní oògùn díẹ̀. Ìbátan á rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, á gbé e wá. Ìgò náà á dúró sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ewu ńlá nìyí. Oko òwú jìnnà sí ibùsùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò jìnnà. Ibẹ̀ ni ọmọ ń rá, ibẹ̀ ni a ń sá gbòdògbódó iṣu sí, ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ń jẹ ewé. A kò sì gbàgbé. Ní ọdún 1999, ní ẹkùn Borgou, oògùn òwú tí a ń pè ní endosulfan pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oúnjẹ tí oògùn ti kàn ni àwọn mìíràn jẹ. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò láti fòpin sí i. Ṣùgbọ́n oògùn òwú mìíràn ṣì wà lọ́jà, oró sì wà nínú wọn. Àgbàlagbà kan tó mọ̀wé lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ọmọ ọdún méjì kò lè ka ìgò ohun mímu.

Ẹ lo èyí dípò rẹ̀:

Bí kòkòrò kò bá pọ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu abẹ́ ewé, ẹ já ewé tó ti bàjẹ́ jù kúrò.

Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ po ọṣẹ díẹ̀, bíi ṣíbí kan, mọ́ lítà omi kan. Ẹ fi wọ́n ewé, pàápàá abẹ́ rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi omi lásán ṣàn án ní ọjọ́ kejì.

Bí wọn kò bá lọ, ẹ lo èso dóńgóyárò. Ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ gún kóró inú rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ rẹ 500 gíráàmù sínú lítà omi mẹ́wàá di ọjọ́ kejì. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ fi wọ́n òdòdó nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má mu ún, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé mu ún.

Agolo tàbí ìgò tí oògùn òwú ti wà nínú rẹ̀, ẹ má gbin nǹkan sí i, ẹ má pọn omi sí i, bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá.

Òdòdó tó lẹ́wà tó sì ní oró

Kì í ṣe gbogbo òdòdó ló yẹ kó wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé tó. Laurier-rose lẹ́wà, ṣùgbọ́n láti ewé dé gbòǹgbò rẹ̀, oró tó ń ba ọkàn jẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Igi rẹ̀ kò ṣeé fi dáná, èéfín rẹ̀ pàápàá léwu. Rose du désert náà ní oró. Àwọn ọdẹ kan ní ilẹ̀ Áfíríkà a máa fi oje rẹ̀ sí orí ọfà. Oje funfun inú épine du Christ lè ṣe ojú lọ́ṣẹ́. Ewé dieffenbachia, èyí tó ní àmì funfun, bí ọmọ bá jẹ ẹ́ lẹ́nu, ahọ́n àti ọ̀fun rẹ̀ á wú.

N kò sọ pé kí ẹ fà wọ́n tu. Ẹ gbé wọn sókè, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ wọn, ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé wọn. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń rá lọ́wọ́, ẹ má tíì gbìn wọ́n. Bí ọmọ bá jẹ nínú wọn, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, ẹ má fi tipátipá mú un bì, ẹ já ewé náà dání, kí ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Bí oje bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí pervenche de Madagascar. Láti àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ti rí oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn kan ń sè é mu nílé fún oríṣiríṣi àìsàn. Kò dára. Ohun tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n kékeré ni wọ́n ń lò, àwọn dókítà ló sì ń wọ̀n ọ́n. Ìkòkò ìdáná kò mọ ìwọ̀n. Ẹ máa wò ó, ẹ má mu ún.

Ṣé a lè rí owó níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọ́ ilé ń wá òdòdó. Ilé ìjọsìn, ilé ìtura àti ilé iṣẹ́ ìjọba ń wá a. Ẹni tó ní ogún ìkòkò tó dára lè gé ẹ̀ka ọgọ́rùn-ún gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Bí ọgọ́ta bá mú, tí ó sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 500 F, ó di 30 000 F CFA. Ṣùgbọ́n kí ó rántí yọ owó ọ̀rá, owó ajílẹ̀ àti owó omi kúrò kó tó pè é ní èrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé kíkọ, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ iye tí ẹ gbìn, iye tó kú, iye tí ẹ tà àti iye tí ẹ ná. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé náà á sọ fún yín bóyá iṣẹ́ ni tàbí eré. Bó bá jẹ́ eré, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé eré ni.

Ìmọ̀ràn mi ni pé nínú ìkòkò mẹ́ta, kí ẹ fi ọ̀kan gbin ohun jíjẹ: ata, efinrin, tẹ̀tẹ̀. Òdòdó ata náà lẹ́wà. Bàálé tó ń jẹ ọbẹ̀ láti inú ọgbà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í tètè gbé igi fọ́ ìkòkò.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ ṣeun. Nígbà tí ẹ bá wọ ilé olódòdó, ẹ má ní kí ó kó o dà nù. Ẹ fi tanwíjí hàn án nínú àwo, ẹ jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tó lè tọ́jú ọgọ́ta ìkòkò lè tọ́jú àdúgbò kan. Ẹ fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin bàálé, bí inú bá bí yín sí ẹ̀fọn, ẹ kọ́kọ́ wo àgbá omi, ẹ wo táyà ẹ̀yìn ilé, ẹ wo kòtò ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó dé orí òdòdó.

Ẹ̀yin olódòdó, ọwọ́ yín ni ẹjọ́ yìí wà. Ìkòkò tí omi kò dúró sí, tí oògùn òwú kò kàn, tí ọmọ kò pẹ́ dé iléèwé nítorí rẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá lè fọ àwo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi ìkòkò tó kù tọrẹ fún ẹni tó lè fọ̀ ọ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Níbo ni omi ń dúró sí nínú agbo ilé wa, yàtọ̀ sí ìkòkò òdòdó?

2. Ta ni ń pọn omi nínú ilé wa, nígbà wo ni ó sì ń pọn ọ́n?

3. Níbo ni a ń tọ́jú oògùn òwú sí? Ṣé ọwọ́ ọmọdé lè tó o?

4. Èwo nínú àwọn òdòdó ilé wa ni a kò mọ̀ bóyá ó ní oró?